Orí Keje: Àníyàn Ẹni Tí Ó Fi Ìkánjú Kọ Fọ́ọ̀mù Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Nínú gbogbo àníyàn tí ń gbé ọkàn àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa lóde òní, ọ̀kan wà tí àwọn àgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí, nítorí pé kò ní ibà, kò ní egbò, kò sì sí ewé tí a ń já sí i: èyí ni àníyàn ọmọ tí ó ti forúkọ sílẹ̀ láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ó fi ìkánjú ṣe é nítorí pé ọjọ́ ti fẹ́ pé, tí fọ́ọ̀mù sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára fọ́ọ̀mù. Ó ń jẹun, kò mọ adùn oúnjẹ. Ó dùbúlẹ̀, oorun kò kùn ún. Bí a bá pè é lẹ́ẹ̀kan kì í gbọ́, bí a bá pè é lẹ́ẹ̀kejì a ta gìrì. Bí a bá sì bi í pé kí ni ó ń ṣe é, yóò ní kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rò ó lọ́kàn bóyá ọdún ìbí òun ni òun kọ ni, tàbí ti ẹlòmíràn. Mo ya orí yìí sọ́tọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àti fún àwọn òbí rẹ̀, nítorí pé àwọn onímọ̀ ti wádìí ohun púpọ̀ nípa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ẹni tí ó kánjú àti ẹni tí ń ṣe àníyàn, ohun tí wọ́n rí sì lè dá oorun padà sí ojú ẹni tí ó bá fi í ṣèwà hù.

Láti ọdún 1978 tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti dá àjọ JAMB, tí ń ṣètò ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, sílẹ̀ ni ó ti di pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ń gbà wọ yunifásítì. Kí ọmọ tó jókòó ti ìdánwò náà, tí í ṣe ìbéèrè 180 lórí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 400, ó ní láti ti gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí à ń pè ní NIN, èyí tí ó ti di dandan láti ọdún 2021. Ó ní láti lọ sí ibùdó CBT, ìyẹn ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n gba àmì ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó ní láti mú kọ́ọ̀sì, kí ó mú ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì mú sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀ranyàn nínú wọn. Ohun tí ó bá kọ níbẹ̀ ni wọn yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, Mèsì Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, nígbà tí ó ku ọ̀la kí ìforúkọsílẹ̀ parí. Ìlà ti gùn dé títì; jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé; nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀; ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tẹ kọ̀ǹpútà kò sì gbójú sókè, ó kàn ń bèèrè ni: “Kọ́ọ̀sì ńkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ ńkọ́? Sọ́bújẹ́ẹ̀tì ńkọ́?” Ọmọ tí ó ti dúró láti kùtùkùtù ń fi ohùn wẹ́lẹ́ dáhùn, àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń ní kí ó ṣe kíá. Wọ́n yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. “Ṣé ó ti dáa báyìí?” “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.” Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pọ sílíìpù jáde, ó gbà á, ó ká a sápò, ó jáde. Ìgbà tí ó délé, tí ó jẹun, tí ara rẹ̀ rọ̀, ni ó tó tú sílíìpù náà, tí ó wá rí i pé Mathematics ni wọ́n kọ sí ibi tí ó yẹ kí Biology wà, nígbà tí ó jẹ́ pé ìmọ̀ ìṣègùn ni òun fẹ́ kọ́. Àyà rẹ̀ já. Láti ìṣẹ́jú náà lọ ni kò ti gba ohun kankan gbọ́ mọ́ nínú gbogbo ohun tí ó kọ: ó wo orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó wo nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ìka tí ó tẹ̀ tilẹ̀ hàn dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tí ń ti ìhín forúkọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, mọ fọ́ọ̀mù tí à ń pè ní Common Application, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ 15 pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, tí ó sì ti di ti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lé ní 1,000 lónìí. Àròkọ kan wà nínú rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ. Alẹ́ tí ọjọ́ fẹ́ pé ni ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń parí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi í ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tán, kò ṣe é pè padà láti ibẹ̀ mọ́.

Ohun Tí Ìkánjú Ń Ṣe Fún Ọpọlọ

Nígbà tí àkókò bá kù díẹ̀ fún ènìyàn, ara rẹ̀ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni. Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé ewu wà nítòsí. Àwọn ẹṣẹ́ méjì tí ó wà lórí kíndìnrín yóò da omi tí à ń pè ní adirẹnálíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, àyà yóò máa lù kìkì, èémí yóò yá, àtẹ́lẹwọ́ yóò làágùn. Bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀, omi kejì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù yóò tẹ̀ lé e. Irú ìmúra bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tí ejò dìde sí lójú ọ̀nà oko. Kò wúlò fún ẹni tí ó ní láti fi ara balẹ̀ yan ohun mẹ́rin láàrin ogún. Apá iwájú ọpọlọ, tí ó wà lẹ́yìn egungun iwájú orí, ni ó ń bá wa di ọ̀pọ̀ nǹkan mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó ń fi èyí wé tọ̀hún, tí ó sì ń sọ fún wa pé kí a dúró ná, kí a tún un wò. Apá yìí gan-an sì ni ìpayà ń tètè mú agbára kúrò lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí Amy Arnsten àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ti fi hàn. Robert Yerkes àti John Dodson ti rí ohun tí ó fara jọ ọ́ lára eku láti ọdún 1908: bí iṣẹ́ bá rọrùn, ìtagìrì kì í pa á lára, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá gba ìfòyemọ̀, ìtagìrì tí ó bá pọ̀jù a máa bà á jẹ́.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n ní kánjúkánjú kò jayé, ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ayé gbà, kò rí inú ọpọlọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí ìṣe rẹ̀. Nítorí náà, kí ọmọ tí ó ṣàṣìṣe nínú ìkánjú má ṣe pe ara rẹ̀ ní aláìmọ̀kan. Ọlọ́gbọ́n ni ó ṣe é. Ibi tí ọgbọ́n kò ti ráyè ṣiṣẹ́ ni ó ti ṣe é.

Ìdí Tí Ojú Fi Ń Fo Àṣìṣe Ara Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bínú sí ara wọn pé, “Mo wò ó o! Kí ló dé tí n kò rí i?” Ìdáhùn wà fún ìbéèrè náà. Ní ọdún 1886, James McKeen Cattell, ará Amẹ́ríkà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Wilhelm Wundt ní ìlú Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, fi hàn pé àkókò tí ojú fi ń mọ lẹ́tà kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó fi ń mọ odidi ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ti mọ̀wé kà kì í ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ń gbá ọ̀rọ̀ mú lódindi, ọpọlọ rẹ̀ a sì máa fi ohun tí ó ti mọ̀ dí àlàfo. Nígbà tí Alice Healy ní kí àwọn ènìyàn máa fàlà sí gbogbo lẹ́tà “t” nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní 1976, inú ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni wọ́n ti fò ó jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré “the” tí kò sí ìlà tí a kì í ti í bá a pàdé. Ohun tí ojú mọ̀ jù ni ojú ń fò.

Bí ẹlòmíràn bá kọ ọ́ pé “mo fẹ́ lọ sí sí Ìbàdàn,” ó ṣeé ṣe kí a tètè rí i. Bí ó bá jẹ́ àwa tìkára wa ni a kọ ọ́, a lè kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí a má rí “sí” kejì, nítorí pé inú ọkàn wa ni a ti ń kà á, kì í ṣe orí ìwé. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ti wà nílẹ̀ kí ojú tó dé ibẹ̀. Nígbà tí wákàtí bíi mélòó kan bá wá kọjá, tí ọ̀rọ̀ náà ti tutù díẹ̀ lọ́kàn, tí ìpayà sì ti fi apá iwájú ọpọlọ sílẹ̀, ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí ó wà níbẹ̀ gan-an. Ìdí nìyí tí ọmọ wa ní Ìbàdàn fi rí i nílé ohun tí kò rí ní ibùdó. Kò sí ẹni tí ó dè é. Ọpọlọ rẹ̀ ni ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìdí Tí Ọkàn Kì Í Fi Í Jẹ́ Kí Ọ̀rọ̀ Tán

Nígbà náà, kí ni ó dé tí àníyàn kì í fi í dúró lórí àṣìṣe kan tí a rí, tí ó jẹ́ pé a máa tàn dé ibi tí àṣìṣe kò sí? Obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Bluma Zeigarnik, tí ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Kurt Lewin ní ìlú Berlin, kó iṣẹ́ wẹ́wẹ́ tí ó tó nǹkan bí ogún fún àwọn ènìyàn: kí wọ́n sín ìlẹ̀kẹ̀, kí wọ́n mọ amọ̀, kí wọ́n yanjú ìṣírò. Ó jẹ́ kí wọ́n parí àwọn kan, ó sì dá wọn dúró lórí àwọn yòókù. Nígbà tí ó bi wọ́n lẹ́yìn náà pé àwọn iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe, àwọn tí wọn kò parí ni ó tètè wá sí wọn lẹ́nu. Ó sì tẹ èyí jáde ní 1927. Àwọn tí wọ́n tún ìwádìí náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Maria Ovsiankina, rí ní 1928 ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ú lọ: pé bí a bá fi ènìyàn sílẹ̀ fún ara rẹ̀, orí iṣẹ́ tí kò parí ni ó ń padà sí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rán an.

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Àníyàn tí ń jí ọmọ lóru kì í ṣe ẹ̀rí pé àṣìṣe rẹ̀ pọ̀, kì í sì í ṣe àmì pé wọn yóò kọ̀ ọ́. Ẹ̀rí pé iṣẹ́ kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí a kò tíì pa ojú rẹ̀ dé ni. Fọ́ọ̀mù ti lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yíyẹ̀ ẹ́ wò, tí ìkánjú kò jẹ́ kí ó ṣe, ṣì wà nílẹ̀. Ọpọlọ sì ń fà á padà síbẹ̀. Ẹni tí ó bá wá ń fi bí àyà rẹ̀ ti ń lù tó díwọ̀n bí àṣìṣe rẹ̀ ti tó, òṣùwọ̀n èké ni ó mú lọ́wọ́.

Àwọn òbí mìíràn a máa sọ fún ọmọ pé, “Gbé e kúrò lọ́kàn.” Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní 1987, Daniel Wegner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ronú nípa béárì funfun, kí wọ́n sì máa lu agogo nígbàkigbà tí ó bá sọ sí wọn lọ́kàn. Agogo kò dákẹ́. Nígbà tí wọ́n sì wá fún wọn láyè láti ronú nípa rẹ̀, wọ́n ronú nípa rẹ̀ ju àwọn tí a kò kọ́kọ́ kà á léèwọ̀ fún lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ríro ọ̀rọ̀ kan ní àròtúnrò láìṣe ohun kankan sí i kò sàn ju èyí lọ. Susan Nolen-Hoeksema, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí àròtúnrò, ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stanford sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó mì tìtì ní California ní oṣù kẹwàá ọdún 1989. Nígbà tí ó padà bá wọn lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tí ó ti jẹ́ àṣà wọn láti máa pọ́n ìbànújẹ́ wọn lọ́kàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì dé bá jù. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ìdákẹ́.

Ohun mìíràn tí ń bu epo sí iná yìí ni ìgbàgbọ́ pé gbogbo ènìyàn ni yóò rí àléébù wa. Thomas Gilovich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell wọ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀wù tí àwòrán olórin kan tí ó ń ti wọ́n lójú wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó wọ yàrá tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí. Àwọn tí wọ́n wọ ẹ̀wù náà rò pé nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni yóò mọ ẹni tí ó wà lára rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́ kò tó ìdámẹ́rin. Ọdún 2000 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Kí ọmọ tí ó fi àmì ìdánudúró kan sílẹ̀ nínú àròkọ rẹ̀ rántí rẹ̀: òun nìkan ni ó ń fi awò wo ibẹ̀.

Bí A Ti Í Parí Iṣẹ́ Tí Ó Kù

E. J. Masicampo àti Roy Baumeister rí i nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 pé kò dìgbà tí iṣẹ́ bá parí kí ọkàn tó fi ẹni sílẹ̀. Bí ènìyàn bá ti ṣètò pàtó nípa ìgbà àti ọ̀nà tí yóò fi ṣe é, ìrònú rẹ̀ kò tún ní máa já lu iṣẹ́ mìíràn tí ó bá ń ṣe. Nítorí náà, kí ọmọ mú ìwé kan àti kálámù, kí ó jókòó ti sílíìpù rẹ̀, kí ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kà á sókè. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí òbí bá wà nítòsí, kí ó jẹ́ kí ẹni náà bá a kà á, nítorí ojú àjèjì kì í fo ohun tí ojú olówó rẹ̀ ń fò. Gbogbo ohun tí ó bá rí ni kí ó kọ sílẹ̀, kí ó sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni àṣìṣe tí ó lè pa ènìyàn lára, tí ó sì ní àtúnṣe. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí kò bá kọ́ọ̀sì mu jẹ́ ọ̀kan, nítorí pé ẹni tí yóò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní láti ṣe Biology, Chemistry àti Physics mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó rí èyí nígbà tí ó ku ọ̀la kí ọ̀nà dí ní ọ̀la lọ́wọ́: kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé, “Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n ó mú sílíìpù mi padà sí ibùdó tí mo ti forúkọ sílẹ̀.” JAMB a sì máa ṣí àyè sílẹ̀ láti pààrọ̀ kọ́ọ̀sì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó bá san owó rẹ̀. Ní ti orúkọ àti ọjọ́ ìbí, láti inú NIN ni wọ́n ti wá, nítorí náà ọ̀dọ̀ àjọ NIMC tí ń ṣe NIN ni a ti í kọ́kọ́ tún wọn ṣe. Ẹni tí ó bá wá sọ lójú títì pé òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, pé kí ọmọ fún òun ní NIN àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, olè ni; kí a sá fún un.

Èkejì ni àṣìṣe tí kò ṣe é tún ṣe lórí fọ́ọ̀mù mọ́, ṣùgbọ́n tí a lè fi àlàyé sí. Ẹni tí ó gbàgbé láti kọ ohun pàtàkì kan sí Common Application lè kọ lẹ́tà kúkúrú sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ó tọ́, kí ó sì dúró níbẹ̀. Kò sì sí ohun tí ó ní kí ó má tún àròkọ náà ṣe fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tíì fi í ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀kẹta ni àṣìṣe tí kò tó nǹkan: lẹ́tà kan tí ó fò, ọ̀rọ̀ kan tí ìbá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó fàlà sí àwọn wọ̀nyí, kí ó sì kọ “mo ti rí i” sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Agbè ni ọmọ fúnra rẹ̀, ìlera rẹ̀, àti ọpọlọ tí yóò fi jókòó ti ìdánwò. Ẹni tí ó bá fi oorun ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣọ̀fọ̀ lẹ́tà kan ni ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ agbè lórí omi díẹ̀.

Alẹ́ ni kí ó ṣe ìwé yìí, kí ó tó lọ sùn. Ní 2018, Michael Scullin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Baylor ní kí àwọn ọ̀dọ́ 57 lo ìṣẹ́jú márùn-ún láti kọ̀wé kí wọ́n tó sùn: àwọn kan kọ ohun tí wọn yóò ṣe lọ́jọ́ iwájú, àwọn kan kọ ohun tí wọ́n ti ṣe parí. Àwọn tí wọ́n kọ ohun tí wọn yóò ṣe ni ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tètè sùn ju àwọn yòókù lọ; bí àkọsílẹ̀ wọn sì ti kún tó ni oorun ti tètè dé tó.

Ìgbà Tí Ó Bá Ju Agbára Ilé Lọ

Irú ìnira yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilẹ̀ wa. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń ta, tí ojú wọn ń ṣú bí wọ́n bá ṣíwèé, tí ohun tí wọ́n kà kì í sì í yé wọn, tí àwọn fúnra wọn ń pe àìsàn náà ní “brain fag.” Lára àwọn tí wọ́n ru ìrètí gbogbo ẹbí lórí ni ó ti rí i. Nítorí náà, bí ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan bá kọjá tí ọmọ kò sùn, tí kò jẹun, tí kò lè kàwé, tí ó ń bẹ̀rù ohun gbogbo, kí a mú un lọ rí dókítà. Bí ó bá sì sọ ọ́ lẹ́nu pé ayé ti sú òun, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kejì, kí a má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni ọmọ ń wo ojú yín. Bí ó bá gbé sílíìpù wá bá yín lóru, ẹ pè é ní oríkì rẹ̀, Àkànní tàbí Àjọkẹ́, kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀, nítorí ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù kò lè gbọ́ ìmọ̀ràn. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọmọ tí ó ń wo iwájú yìí, ojú yín ni ó ń wá níbẹ̀. Ẹ má ṣe bi í pé, “Kí ló ṣe ọ́ tí o kò fi wò ó dáadáa?” nítorí ó ti bi ara rẹ̀ ní ìyẹn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ bi í pé, “Èwo nínú rẹ̀ ni ó ṣe é tún ṣe, níbo ni a ó sì lọ láàárọ̀ ọ̀la?” Kí ẹ sì bá a lọ.